Ta Ló Fún Ọmọdé Ní Kọ́kọ́rọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lóṣù yìí yóò bí àwọn kan nínú. Bó bá bí wọn nínú, kò burú. Inú tó bí èèyàn lónìí sàn ju ẹkún tí yóò sun lọ́la lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi gbogbo òbí tó wà nílẹ̀ Yorùbá: ta ló fún ọmọdé ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀? Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọmọ tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá jókòó sórí alùpùpù, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló fi ń wá ilẹ̀. Ta ló gbé e lé e lọ́wọ́? Ṣé ọlọ́pàá ni? Ṣé ìjọba ni? Àbí àwọn ayé tí a máa ń di gbogbo ẹ̀bi rù ni?

Rárá o. Àwa òbí ni. Àwa la ra ọkọ̀, àwa la ni kọ́kọ́rọ́, àwa náà la sì ń yangàn nígbà tí ọmọ bá gbé e jáde. Bí ẹ bá rí òbí tó sọ pé ọmọ òun ti ní láísẹ́ǹsì, ẹ tún bi í wò: ṣé èyí tí ọmọ fi ìdánwò gbà ni, àbí èyí tí owó rà? Nínú ìbéèrè kejì yìí gan-an ni ikú sá pamọ́ sí.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni mò ń sọ, kó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìwéré-Ilé ní Òkè-Ògùn. Olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjọwà ni. Orílẹ̀-èdè Benin kò jìnnà sí wọn. Ìlú àgbẹ̀ ni, àwọn ló sì ni ọdún Pààká tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọkà bàbà ni wọ́n ń gbìn; oko jìnnà sílé, ọ̀nà oko sì jẹ́ eruku lẹ́ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ lójò. Ní irú ibẹ̀, ọ̀kadà kì í ṣe ohun fàájì. Òun ni ẹsẹ̀ àgbẹ̀, òun ni kẹ́kẹ́ alábọyún, òun ni mọ́tò àwọn ọlọ́jà. N kò dárúkọ ìlú yìí láti fi í ṣẹ̀sín. Ohun tí mo rí níbẹ̀ náà ni ẹ ó rí ní Igàńná, ní Òkèhò, ní Ìsẹ́yìn àti ní Ṣakí. Mo mú un ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé kò sí ògiri gíga tó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ojú títì ni gbogbo rẹ̀ wà.

Lówúrọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró sẹ́bàá títì, mò ń wo bí àwọn ọmọ ṣe ń lọ síléèwé. Alùpùpù kan ń bọ̀. Ọmọkùnrin tó gùn ún wọ ṣòkòtò péńpé iléèwé. N kò rò pé ó ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ó gbé àbúrò méjì sẹ́yìn, ó tún gbé kékeré kan ka orí táǹkì epo níwájú. Mẹ́rin lórí ọ̀kadà kan! Kò sí àṣíborí lórí ẹnikẹ́ni wọn. Dígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn ti ká kúrò. Nọ́ńbà kò sí. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀nà ti pín, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó kàn fọn fèrè, ó yà.

Mo bi ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo dúró sí, mo ní: “Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ta nìyẹn?”

Ó ní: “Tèmi ni. Kí ló ṣe?”

Mo ní: “Ẹ má bínú o. Ṣé ó ní ìwé ọkọ̀ ṣá?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ìwé wo lẹ tún ń wí? Èyí tó ń kà níléèwé ò ha tó o?”

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín dákẹ́, baba náà wò mí, ó ní: “Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, ẹ gbọ́ o. Ọmọ yẹn ló ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sóko. Òun ló ń kó iṣu wálé. Bí mo bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ẹ̀yin lẹ óò wá máa bá mi kó o?”

Ẹ jẹ́ ká fi ìdáhùn ìyẹn pamọ́ ná. N óò padà dé orí rẹ̀.

Kí ẹ̀yin ará Ìbàdàn àti ará Èkó tí ń ka ìwé yìí má tíì rẹ́rìn-ín àwọn ará oko o. Ti yín burú ju tiwọn lọ. Ti Ìwéré-Ilé, ebi àti iṣẹ́ oko ló fà á. Tiyín, fáàrí ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń gbé ọkọ̀ ìyá rẹ̀ jáde lọ́jọ́ Sunday, ọ̀rẹ́ márùn-ún kún inú rẹ̀, rédíò ń pariwo, baba rẹ̀ dúró lójú fèrèsé òkè, ó ń sọ fún àlejò pé, “Ẹ wo ọmọ yìí bó ṣe ń yí stia bí àgbàlagbà!” Baba yìí kàwé. Ó ti rìn dé òkè òkun. Ó mọ̀ pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ rẹ̀ kò lè wa mọ́tò kó tó pé ọdún mẹ́tàdínlógún, àti pé bó bá pé e náà, àmì L pupa ni yóò wà níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀, ẹni tó bá sì jókòó tì í gbọ́dọ̀ ti pé ọdún mọ́kànlélógún, kó sì ti ní láísẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́ta. Ó mọ èyí dáadáa. Nígbà tó wà lọ́hùn-ún, ó tẹ̀ lé e. Bó ti dé Nàìjíríà, ó gbàgbé.

Kí ni òfin tiwa wá sọ? Òfin wa kò fara sin. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún (18) kò lẹ́tọ̀ọ́ sí láísẹ́ǹsì ní Nàìjíríà. Alùpùpù náà wà nínú òfin yìí. Ìsọ̀rí tirẹ̀ ni wọ́n ń pè ní A. Kí èèyàn tó dé ìdí láísẹ́ǹsì, yóò kọ́kọ́ gba ìwé láńà, ìyẹn ìwé àṣẹ tó fún ọmọ-ẹ̀kọ́ láyè láti máa fi ọkọ̀ kọ́ṣẹ́. Yóò lọ sí iléèwé ìwakọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí. Yóò lẹ àmì L mọ́ ọkọ̀ kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà, tó sì ní láísẹ́ǹsì, ni yóò máa kọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò dúró níwájú àwọn VIO fún ìdánwò. Ìgbà tó bá yege ni àwọn Road Safety yóò ya fọ́tò rẹ̀, tí wọn yóò gba ìka ọwọ́ rẹ̀, tí ìwé yóò sì jáde. Bí òfin ti là á sílẹ̀ nìyẹn. Ó gún régé.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni láńà. Irọ́ ni! Ìkọ́ṣẹ́ ni láńà, ìkọ́ṣẹ́ sì ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí òyìnbó tó dé. Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè, ta ló jẹ́ gbé òwú sányán oníbàárà fún ọmọ tó dé ìdí òfì lánàá? Ọmọ náà yóò kọ́kọ́ máa ká òwú, yóò máa wo ọwọ́ ọ̀gá, yóò hun èyí tó máa bàjẹ́ kó tó hun èyí tí a lè tà. Ọmọ ọdẹ kì í gba ìbọn lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ọmọ télọ̀ kì í fi sísọ́ọ̀sì kan léèsì oníléèsì títí yóò fi mọ etí aṣọ í ká. Lọ́jọ́ tí àkókò bá tó, àwọn àgbà iṣẹ́ á pé jọ, wọ́n á wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á gbàdúrà fún un, ọmọ á gba òmìnira. Kí ni ìyàtọ̀ èyí àti ìwé láńà, àmì L àti ìdánwò VIO? Ọ̀kan náà ni!

Àwọn dẹ́rẹ́bà ayé bọ́lẹ̀kájà pàápàá mọ èyí. Ọmọ ọkọ̀ á fọ mọ́tò, á gbé igi dí táyà, á sùn sábẹ́ ọkọ̀, ọdún á gorí ọdún kí ọ̀gá tó jẹ́ kó jókòó sídìí ọkọ̀ nínú pápá gbalasa. A ò lè fi iṣẹ́ òfì ṣeré, a ò lè fi iṣẹ́ télọ̀ ṣeré, ṣùgbọ́n a fi ìdí ọkọ̀ tó lè pa èèyàn ogún lẹ́ẹ̀kan náà ṣeré. Aṣọ tí ọmọ bà jẹ́, a lè tún òmíràn hun. Ẹni tí ọkọ̀ pa, òfì wo la ó fi hun ún?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìdánwò yìí ń wá lára èèyàn. Àwọn Yorùbá ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àfi bí ẹni pé ọkọ̀ wíwà ni wọ́n ní lọ́kàn! Ọmọdé tó wà lórí ọ̀kadà, iwájú nìkan ló ń wò. Ìdánwò ń bi í pé: ta ló wà lẹ́yìn rẹ? Kí ni dígí ń sọ? Ó ń bi í pé àmì onígun mẹ́ta tí etí rẹ̀ pupa, kí ló ń wí? Ìkìlọ̀ ni. Àmì roboto tí etí rẹ̀ pupa ńkọ́? Èèwọ̀ ni, má ṣe é. Ìlà funfun tí kò já láàárín títì ńkọ́? Má ṣe yà sọ́wọ́ kejì láti ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ní oríta tí ọkọ̀ máa ń yí po, ta ló lọ̀nà? Ẹni tó ti wà nínú rẹ̀, tó ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì rẹ. Lórí òkè, ṣé o lè gbéra kí ọkọ̀ má yí padà sẹ́yìn? Ṣé o lè fi ẹ̀yìn rìn wọ àlàfo tóóró?

Ìbéèrè kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá já lu títì, báwo ni ọkọ̀ yóò ti rìn jìnnà tó kó tó dúró? Gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣírò rẹ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń sáré 48 kìlómítà ní wákàtí kan yóò rìn tó mítà 23. Bó bá sọ eré yẹn di ìlọ́po méjì, ìyẹn 96, yóò rìn tó mítà 73. Ẹ ò rí i pé eré di méjì, ṣùgbọ́n ibi ìdúró lé ní mẹ́ta? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò mọ èyí. Kì í ṣe pé kò gbọ́n; kò sẹ́ni tó sọ fún un ni. Bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ fún un, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti là á yé wa pé apá ibi tó ń sọ fún èèyàn pé “rọra” nínú ọpọlọ, kì í gbó tán títí ọmọ á fi lé ní ogún ọdún. Bí ọ̀rẹ́ bá tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń pariwo pé “Tẹ̀ ẹ́!”, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń tún ṣe ní apá ọ̀dọ̀ wa tún wá sọ ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, ti di ọ̀nà tó ń dán lábẹ́ ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kòtò tó ń bú wa lára láyé ìjọ́hun, òun náà ló ń fi ipá mú wa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tí kòtò bá lọ, tí ẹ̀kọ́ kò dé, kí ni yóò dá ọmọdé dúró?

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń ta láísẹ́ǹsì. Mo lọ sí ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń ṣe ìwé yìí, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. N kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi pàdé mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Ọ̀gá mi, ṣé èyí tó ní ìdánwò lẹ fẹ́, àbí èyí tí kò ní wàhálà nínú?” Mo ṣe bí ẹni tí kò yé. Ó ní: “Ẹ mówó wá, kẹ́ ẹ wá ya fọ́tò, ó parí.” Mo wá bi í pé bó bá jẹ́ ọmọ tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ ló fẹ́ ẹ ńkọ́? Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní: “Ọjọ́ orí kì í ṣe ìṣòro, Ọ̀gá. A óò fi kún un.”

A óò fi kún un! Títí di ọjọ́ náà, mo rò pé Ọlọ́run nìkan ló ń fi ọjọ́ kún ọjọ́ orí èèyàn. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ mi: ọdún méjì tí wọ́n bá yín fi kún orí ìwé, inú ọjọ́ ayé ọmọ yín ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Bí kò bá sì jẹ́ tiyín, tọmọ ọlọ́mọ tó ń sọdá títì ni.

Òótọ́ ni pé òṣìṣẹ́ tó ń ta ìdánwò jẹ̀bi, ẹ̀wọ̀n ló sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọjà kì í wà láìsí oníbàárà. Bí kò bá sí baba tó ń rà á, ta ni yóò máa tà á?

Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèyàn tó tó mílíọ̀nù 1.19 ni ìjàǹbá ojú pópó ń pa lọ́dọọdún láyé, àti pé láàárín àwọn tó wà ní ọdún 5 sí 29, òun ló ń pa wọ́n ju ohunkóhun mìíràn lọ. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe ogun. Nílé wa níhìn-ín, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sọ pé èèyàn 5,421 ló bá ìjàǹbá ọkọ̀ lọ lọ́dún 2024. Àwọn tí wọ́n rí kà nìyẹn o. Ọmọ tó ṣubú lórí ọ̀kadà lọ́nà oko, tí wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, ta ló kà á?

Mo mọ àwáwí tí àwọn òbí máa ń wí. Ẹ jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní: “Ọmọ ọdún méjìlá ni èmi fi mọ mọ́tò wà, kò sóhun tó ṣe mí.” Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí nǹkan ṣe, wọn ò sí níbí láti bá ọ jiyàn. Ẹni tó la ogun já ló ń ròyìn ogun.

Èkejì: “Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ni.” Àmín. Ọlọ́run kan náà ló sì fún ọ ní ọgbọ́n tí o fi ń ti ilẹ̀kùn kóo tó sùn. Àdúrà dára, kì í ṣe bíréèkì.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ baba tó wà ní Ìwéré-Ilé: “Ta ni yóò bá mi kó iṣu wálé?” Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, n kò sì ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ìṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀sùn tí a fi ń kan èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀ kan fún yín. New Zealand jẹ́ ilẹ̀ àgbẹ̀ àti darandaran bíi tiwa, oko wọn jìnnà sílé bíi tiwa. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òfin wọn gbà láyè láti wakọ̀, nítorí iṣẹ́ oko kan náà tí baba yìí ń wí. Nígbà tí wọ́n rí bí àwọn ọmọ náà ṣe ń kú, wọn kò pa òkú mọ́ sábẹ́ ẹní. Lọ́dún 1987, wọ́n pín láísẹ́ǹsì sí ìpele-ìpele: ọmọ-ẹ̀kọ́ á kọ́kọ́ wà á pẹ̀lú olùkọ́, lẹ́yìn náà á dá wà á ṣùgbọ́n kò ní wà á lóru, kò sì ní kó ọ̀rẹ́ sínú rẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó di òmìnira. Lọ́dún 2011, wọ́n tún gbé ọjọ́ orí náà sókè sí mẹ́rìndínlógún. Láti ọdún 1996 ni àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà náà ti ń tẹ̀ lé irú ètò yìí, Florida ló ṣíwájú wọn. Iṣu àwọn ará New Zealand kò tìtorí èyí jẹrà sóko. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tó ti pé ọdún méjìdínlógún ńkọ́? Baba fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bí ọmọ kan bá ṣẹ́ nítan láàárọ̀ ọjọ́ kan, owó ilé ìwòsàn yóò kó iṣu ọdún mẹ́ta lọ, ọmọ náà kò sì ní lè kó iṣu kankan mọ́.

Ẹ̀kẹrin: “Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò jìnnà, owó rẹ̀ pọ̀, èdè òyìnbó ni wọ́n sì fi ń ṣe é.” Níhìn-ín, mo fara mọ́ yín, mo sì kọjú sí ìjọba. Ẹ ò lè ṣe òfin kí ẹ gbé e kọ́ sórí igi tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù kò tó, kí ẹ wá máa fìyà jẹ ẹni tí kò ká a. Àgbẹ̀ tó máa pa ọjọ́ méjì oko rẹ̀, tó máa wọkọ̀ lọ, tó máa wọkọ̀ bọ̀, tí wọ́n á tún sọ fún pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ lónìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ayédèrú ni ẹ fọwọ́ ara yín tì í sí.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ará oko kò lè kọ́ òfin títì. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn ará Òkè-Ògùn tó ń ná ọjà lọ sí Dàhómì mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń wà á tipẹ́. Ìjọba pariwo rẹ̀, àtọ̀mọ̀wé àtẹni tí kò mọ̀wé gbọ́, a sì yí padà. Bí odidi orílẹ̀-èdè bá lè kọ́ ọwọ́ tuntun, ọmọ Ìwéré-Ilé lè kọ́ àmì ogójì, kó sì fi Yorùbá dáhùn níwájú VIO.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ní ìpínlẹ̀ wa gan-an ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ikú ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ lọ́nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jókòó máa káwọ́ lérí. Lọ́dún 1977, nígbà tí David Jẹ́míbẹ́wọ̀n jẹ́ gómìnà ológun, wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Lọ́dún 1983, ìjọba àpapọ̀ tú u ká. Ìgbà tó di 1988 ni ìjọba àpapọ̀ tó dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀, Ṣóyínká yìí kan náà ni wọ́n sì fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ọ̀yọ́ ló kọ́ Nàìjíríà. Báwo ni ọmọ ilé olóògùn ṣe wá ń kú ikú tí baba rẹ̀ ní oògùn rẹ̀ lápò?

Ẹ má sì rò pé pàṣán nìkan ni yóò tún un ṣe. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009 tí wọ́n ní dandan ni kí gbogbo ọlọ́kadà dé àṣíborí, ṣebí ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò? Àwọn kan de igbá mọ́rí, wọ́n fi okùn so ó lágbọ̀n! Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tí òfin bá ṣíwájú ẹ̀kọ́. Ọlọ́kadà ń wá ohun tí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́. Ti orí ara rẹ̀ kò sí lọ́kàn rẹ̀. Láísẹ́ǹsì tí a rà fún ọmọdé, igbá ni òun náà. Ó jọ àṣíborí lójú ẹ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí orí bá kan títì, yóò fọ́.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bèèrè kò pọ̀. Kí àwọn VIO àti Road Safety ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kí wọ́n gbé ìdánwò lọ bá àwọn èèyàn ní Ìwéré-Ilé, lọ́jọ́ ọjà tí oko àti ilé máa ń pé, kí wọ́n sì fi Yorùbá ṣe é fún ẹni tó bá fẹ́. Kí gbogbo iléèwé girama ní Òkè-Ògùn máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òkè ní àmì ojú pópó. Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì tó o, kò gba owó ìjọba àpapọ̀. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà má gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún sí gáréèjì. Kí àwọn ọba àti ìjòyè sọ ọ́ nígbà ọdún Pààká tí gbogbo ọmọ ìlú máa ń wálé, torí pé ọ̀rọ̀ tí ọba bá sọ nínú ọdún, etí gbogbo ló ń dé.

Èyí tó kù, tiwa ni. Bí ọmọ bá fẹ́ kọ́ ọkọ̀, inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kó pé ọjọ́ orí. Ẹ gba ìwé láńà fún un, ẹ lẹ àmì L mọ́ ọkọ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ fi sùúrù kọ́ ọ bí ọ̀gá ti ń kọ́ ọmọṣẹ́. Bó bá fìdí rẹmi níwájú VIO, ẹ má wá ẹni tí yóò bá a fi owó tún un ṣe. Ẹ ní kó lọ tún kọ́ ọ. Ìdánwò tí ọmọ fìdí rẹmi nínú rẹ̀, ìyẹn ìjàǹbá kan tí kò ní ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà náà, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbà á lónìí. Ọmọ yóò sunkún, yóò binú, ó lè má jẹun alẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ kó sunkún. Ẹkún ọmọdé ń gbẹ kílẹ̀ tó mọ́. Tòbí tó sin ọmọ kì í gbẹ bọ̀rọ̀.